Wáyà Tinú-Tòde: Bí A Ṣe Ń Fà Á àti Bí A Ṣe Ń So Ó fún Tẹlifíṣọ̀n Ilé

ÌFÁÁRÀ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Tótó, ó ṣe bí òwe o. Òwe yìí ni yóò ṣíwájú ọ̀rọ̀ mi, nítorí pé orúkọ kan tí mo sọ láìwo ilé ni ó mú kí ìyá mi dá owó padà fún èrò ní ọjọ́ Sátidé kan lọ́dún tó kọjá.

Ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Òṣogbo níbi tí àwọn ènìyàn ti ń san owó wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n. Nínú èrè ibẹ̀ ni owó ilé-ẹ̀kọ́ mi ti ń jáde. Ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé díìṣì kúrò lára ògiri ẹ̀yìnkùlé, nítorí pé aládùúgbò wa kan ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó fẹ́ dí i lójú. Wọ́n gbé e lọ sí orí òpó irin ní iwájú ilé, wáyà tí ó wà nílẹ̀ kò sì gùn tó mọ́. Àbúrò mi, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, lọ ra ẹ̀kún wáyà ní ọjà. Ó wá fóònù sí mi ní yunifásítì pé, "Bùọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa so ó pọ̀?" Ó mọ̀ pé mo ti bá oníṣẹ́ kan di àkàbà mú rí ní àkókò ìsinmi.

Ohun tí mo sọ fún un nìyí: "Fi ọ̀bẹ bọ́ rọ́bà òkè rẹ̀. Wàá rí aṣọ kan lábẹ́ rẹ̀ tó rí bí àwọ̀n. Gé aṣọ náà dànù. Wáyà gan-an wà nínú. Lọ́ wáyà méjèèjì pọ̀ dáadáa, kí o sì fi téépù wé e."

Àbúrò mi ṣe gbogbo ohun tí mo wí, kò yẹ ẹyọ kan. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí eré bẹ̀rẹ̀, dikódà kọ ọ́ sí ojú tẹlifíṣọ̀n pé òun kò rí nǹkan kan gbà. Èrò ti kún ṣọ́ọ̀bù. Ìyá mi dá owó wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan gba ṣọ́ọ̀bù mìíràn lọ ní ọjọ́ náà, wọn kò sì padà sọ́dọ̀ wa títí di òní. Àbúrò mi ni wọ́n bá wí. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo kọ́ òun bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ àbúrò mi kò jẹ̀bi o. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni ó jẹ̀bi. Orí fóònù ni a wà. Kò rí ọwọ́ mi, n kò sì rí tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ nìkan ni a jọ ní. Ohun tí ó jẹ́ wáyà, èmi pè é ní aṣọ. Ẹni tí a bá sì sọ fún pé kí ó gé aṣọ dànù, yóò gé e dànù.

Nítorí náà, ohun méjì ni mo fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí. Èkínní ni láti kọ́ ẹ̀yin òǹkàwé bí a ṣe ń fa wáyà yìí wọ inú ilé àti bí a ṣe ń so ó tí yóò fi jẹ́ iṣẹ́. Èkejì ni láti fi hàn pé orúkọ tí a bá fi kọ́ ọmọṣẹ́ ní ipa tirẹ̀ lórí iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀yin olùkọ́ wa bí ọ̀rọ̀ wáyà bá ṣe àjèjì sí yín nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ èdè ni mo bá wá.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ WÁYÀ NÁÀ

Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ mímú gé wáyà díìṣì ní ìbú, tí ẹ sì wo ẹnu rẹ̀, ohun márùn-ún ni ẹ óò rí láti inú bọ̀ sí òde:

(i) Wáyà kan ṣoṣo tí ó le, tí ó wà ní àárín gbùngbùn. Ó lè jẹ́ ògidì bàbà, ó sì lè jẹ́ irin tí a fi bàbà bò. Nínú oríṣi tí a ń pè ní RG-6, èyí tí ó wọ́pọ̀ fún díìṣì, ó nípọn tó mìlímítà 1.

(ii) Fóòmù funfun tí ó yí wáyà náà ká.

(iii) Bébà onírin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ń dán, tí a wé mọ́ ara fóòmù náà.

(iv) Àwọn wáyà wẹ́wẹ́ tí a hun bí àwọ̀n, tí wọ́n yí bébà onírin náà ká.

(v) Rọ́bà òde, tí ó lè jẹ́ dúdú tàbí funfun. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 7.

Ohun tí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ wa lọ́nà ni pé ojú tí a fi ń wo wáyà iná ni a fi ń wo èyí pẹ̀lú. Nínú wáyà iná ilé, bàbà ni ó wà nínú, rọ́bà ni ó wà lóde, ó tán. Nígbà tí a bá rí bàbà ní àárín wáyà díìṣì, a rò pé a ti rí wáyà, pé ìbora ni gbogbo ohun yòókù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ mẹ́ta ni àwọ̀n yìí àti bébà onírin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ń ṣe.

Iṣẹ́ èkínní: àwòrán àti ohùn tí ó ń bọ̀ láti ojú díìṣì kò gba inú bàbà àárín nìkan. Inú àlàfo tí ó wà láàárín bàbà àti àwọ̀n ni ó ń gbà, níbi tí fóòmù funfun wà. Ẹ fi wé odò tí ó ní bèbè méjì. Bàbà àárín ni bèbè kan, àwọ̀n ni bèbè kejì. Bí a bá wó bèbè kan, omi kò ní í bi ẹnikẹ́ni kí ó tó ya wọ inú igbó.

Iṣẹ́ kejì: ní ẹnu díìṣì, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń pè ní LNB. Iná ni ó ń jẹ, dikódà ni ó sì ń fi iná náà ránṣẹ́ sí i láti inú ilé, ó lè jẹ́ fólítì 13 tàbí 18. Wáyà kan náà yìí ni iná yìí ń gbà. Ó ń gba bàbà àárín lọ, ó ń gba àwọ̀n padà bọ̀. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Nígbà tí àbúrò mi gé àwọ̀n dànù, iná kò rí ọ̀nà bọ̀, LNB kò sì jí rárá. Ìdí nìyí tí dikódà fi ní òun kò rí nǹkan kan gbà.

Iṣẹ́ kẹta: àwọ̀n yìí ń ṣe ọgbà. Kò jẹ́ kí ariwo tí ó ń jáde lára ẹ̀rọ iná, fóònù àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ wọ inú àlàfo náà lọ bá àwòrán jà.

Ẹ ṣe àkíyèsí pé orúkọ tí mo fún un, ìyẹn aṣọ, kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ó sọ iṣẹ́ kẹta, ṣùgbọ́n ó gbé èkínní àti èkejì pamọ́. Orúkọ tí ó sọ díẹ̀ nínú òtítọ́ a sì máa ṣini lọ́nà ju èyí tí kò sọ nǹkan kan lọ, nítorí pé ọkàn ẹni kò ní í fura sí i.

Ìtàn rẹ̀ pẹ̀lú ràn wá lọ́wọ́. Oliver Heaviside gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú wáyà báyìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1880, nígbà tí kò tíì sí tẹlifíṣọ̀n. Ní Amẹ́ríkà, Lloyd Espenschied àti Herman Affel tọrọ ìwé ẹ̀tọ́ lórí èyí tí yóò lè gbé ọ̀pọ̀ ohùn àti àwòrán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní 1929, wọ́n sì rí i gbà ní 1931. Ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 1959 ni WNTV ti Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, òun sì ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ojú ìdè méjì wà fún wáyà pẹlẹbẹ kan tí ó ní bàbà ní etí ọ̀tún àti ní etí òsì. Ẹni tí ó bá ń so wáyà pẹlẹbẹ yẹn kò lè gbàgbé ọ̀kan, nítorí pé méjèèjì wà ní gbangba lójú rẹ̀. Wáyà díìṣì náà ní méjì, àmọ́ ọ̀kan pọ́n èkejì sínú ni.

ORÚKỌ WO NI Ó YẸ KÍ A PÈ É?

Kì í ṣe òní ni a ti ń fi èdè Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, nínú èyí tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, àwa tí a ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọṣẹ́ tí ó wà lórí àkàbà náà nílò èdè-ìperí tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbé orúkọ mẹ́rin yẹ̀ wò.

Èkínní ni àyálò, kí a kàn pè é ní kọ́ásíà. Kò burú, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún ọmọṣẹ́ nípa ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkejì ni ìtumọ̀ tààrà. Ohun tí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà ń sọ ni pé bàbà àti àwọ̀n jọ ní àárín kan ṣoṣo. Bí a bá pè é ní wáyà aláàárín-kan, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n "kan" ni ọmọṣẹ́ yóò gbọ́, bẹ́ẹ̀ méjì ni a fẹ́ kí ó rántí.

Ẹ̀kẹta ni wáyà àlọ-àbọ̀. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó sọ pé ọ̀nà méjì ni ó wà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé iná ń lọ láti ilé sí díìṣì, àwòrán sì ń bọ̀ láti díìṣì sí ilé. Èwo ni àlọ, èwo ni àbọ̀? Oníṣẹ́ méjì lè jà lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí mo mú: wáyà tinú-tòde. Bàbà àárín ni wáyà inú. Àwọ̀n àti bébà onírin lápapọ̀ ni wáyà òde. Wáyà ni méjèèjì ń jẹ́, nítorí náà kò sí èyí tí a lè gé dànù. Bákan náà, bí a bá ní a ṣe nǹkan tinú-tòde, ó túmọ̀ sí pé a kò ṣẹ́ ohunkóhun kù. Orúkọ náà ti di àṣẹ fún ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́: so tinú, so tòde. Ní ọjà, ẹ máa pè é ní wáyà díìṣì gẹ́gẹ́ bí olùtajà ti ń pè é, kí ó lè mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà. Níbi ìkọ́ṣẹ́ ni orúkọ tuntun yìí ti wúlò.

BÍ A ṢE Ń FÀ Á

Kí a tó ra wáyà, ẹ wo ohun tí a kọ sí ara rẹ̀. Ti tẹlifíṣọ̀n máa ń jẹ́ 75 ohm. Iye yìí ń tọ́ka sí bí wáyà inú àti wáyà òde ṣe tóbi sí ara wọn àti irú ohun tí ó wà láàárín wọn. Àwọn wáyà kan wà tí wọ́n jọ ọ́ bí ìbejì ṣùgbọ́n tí wọ́n jẹ́ 50 ohm. Ti rédíò oníbàráẹnisọ̀rọ̀ ni ìwọ̀nyẹn. Níbi tí ìwọ̀n méjì bá ti pàdé, díẹ̀ nínú àwòrán yóò kọ ẹ̀yìn padà síbi tí ó ti ń bọ̀. RG-59 náà jẹ́ 75 ohm, àmọ́ ó tín-ín-rín ju RG-6 lọ, ó sì ń pàdánù jù ú lọ lójú ọ̀nà.

Gbogbo wáyà ni ó ń pàdánù. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn àdánù yìí, a sì ń kọ ọ́ ní dB. Nígbàkigbà tí a bá pàdánù dB 3, agbára ti di ìlàjì. Ní megahertz 1000, tí ó wà lára ibi tí wáyà díìṣì ti ń ṣiṣẹ́, RG-6 ń pàdánù bí i dB 20 nínú mítà 100. Èyí ni pé bí wáyà bá gùn tó mítà 15, ìlàjì ni ó kù. Bí ó bá di mítà 30, ìdá mẹ́rin ni ó kù. LNB ti fi agbára kún un láti òkè, ìyẹn ni a fi ń rí àwòrán síbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀nà tí ó kúrú jù ni kí a gbà, odindi wáyà kan tí kò ní oríkèé ni ó sì dára jù. Ká ní mo gba àbúrò mi nímọ̀ràn pé kí ó ra odindi wáyà tuntun láti òpó dé inú ilé, ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ kì bá má wáyé.

Bí a bá ń fà á, kí a má ṣe ká a ní igun bí ẹni ká bébà. Kí ó yí roboto, kí ìyípo rẹ̀ má kéré sí ẹnu àwo ọbẹ̀. Bí a bá kàn án mọ́ ògiri, kí ìṣó má fún un ní ọrùn. Fóòmù inú rẹ̀ rọ̀. Bí ó bá tẹ̀ wọlé, bèbè odò ti sún mọ́ ara wọn níbẹ̀, àwòrán yóò sì kọsẹ̀.

Kí a má ṣe dì í pọ̀ mọ́ wáyà iná. Bí wọ́n bá ní láti jọ rìn, kí àlàfo tó sẹ̀ńtímítà 30 wà láàárín wọn. Bí ọ̀kan bá ní láti kọjá lórí èkejì, kí wọ́n pàdé bí àgbélébùú. Èèwọ̀ ni láti ju wáyà díìṣì kọjá lórí wáyà iná tí ó ń bọ̀ láti òpó títì, èyí tí àwọn ènìyàn ṣì ń pè ní wáyà NẸ́PÀ. Ẹ̀mí ni ó ń bá a lọ.

Níbi tí wáyà yóò ti wọ inú ògiri, kí a jẹ́ kí ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kọjá ihò náà díẹ̀ kí ó tó gòkè wọ ibẹ̀. Òjò tí ó bá ń ṣàn lára rẹ̀ yóò kán sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ibi tí ó sọ̀, kò ní í bá a wọlé. Kí a sì so òpó irin díìṣì mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú wáyà bàbà tí ó nípọn àti irin tí a rì mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, bí mànàmáná bá ń kọ, kí a yọ dikódà kúrò lára iná àti lára wáyà díìṣì. Wáyà ilẹ̀ nìkan kò tó dojú kọ ẹdùn àrá.

BÍ A ṢE Ń SO Ó

Bí ìsopọ̀ bá di dandan, kí a má lọ́ ọ pọ̀ bí wáyà iná. Orí onírin kékeré kan wà ní ọjà tí wọ́n ń pè ní F-connector. Orí wáyà ni èmi yóò máa pè é níhìn-ín. Méjì ni a ó rà, ọ̀kan fún ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú irin gígùn díẹ̀ tí ó ní ojú ìdè ní ìhà méjèèjì. Ìyẹn ni afárá tí yóò so wọ́n pọ̀. Báyìí ni a ó ṣe é:

(1) Kí a yọ dikódà kúrò lára iná. Mo ti sọ pé iná wà nínú wáyà náà. Bí inú àti òde bá kan ara wọn nígbà tí dikódà ń ṣiṣẹ́, dikódà lè bàjẹ́.

(2) Kí a gé ẹnu wáyà gún régé. Kí a fi ọ̀bẹ yí rọ́bà òde ká ní nǹkan bí mìlímítà 13 sí ẹnu, kí a sì bọ́ ọ. Kí ọwọ́ wa fúyẹ́, kí ọ̀bẹ má gé àwọ̀n tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

(3) Kí a ká àwọ̀n náà sẹ́yìn sórí rọ́bà, yípo yípo, bí ẹni ká ọwọ́ aṣọ sókè. A kò gé e o. A ká a.

(4) Kí a gé fóòmù àti bébà onírin kúrò ní ìlàjì tí ó súnmọ́ ẹnu, kí wáyà inú lè yọ síta ní mìlímítà 6 tàbí 7. Kí bébà onírin ṣì wà lára fóòmù tí ó kù. Kí ọ̀bẹ má ha wáyà inú lára, nítorí ibi tí ó bá ti ha ni yóò ti ṣẹ́.

(5) Kí a wò ó dáadáa bóyá ẹyọ kan nínú àwọn wáyà wẹ́wẹ́ ń kan wáyà inú. Ẹyọ kan péré, tí ó tín-ín-rín bí irun, tó láti ba gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́.

(6) Kí a ti orí wáyà wọ ẹnu rẹ̀ títí fóòmù funfun yóò fi bá ìdí ihò inú rẹ̀ dọ́gba. Kí wáyà inú yọ kọjá etí orí wáyà ní mìlímítà 2 tàbí 3. Àwọ̀n tí a ká sẹ́yìn ni yóò fara kan irin orí wáyà náà. Bẹ́ẹ̀ ni òde ṣe ń di síso.

(7) Kí a fi ẹ̀mú rẹ̀ fún un pọ̀. Èyí tí a ń yí wọlé bí ìdérí ìgò wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n èyí tí a fi ẹ̀mú fún ni ó ń pẹ́ jù.

(8) Kí a yí orí wáyà méjèèjì mọ́ afárá, kí a sì fi ọwọ́ fún un le. Bí ó bá jẹ́ ìta ni, kí a fi téépù rọ́bà tí ó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ wé e láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, kí ìpele òkè lè gun ìpele ìsàlẹ̀ bí páànù òrùlé. Kí a má ṣe fi ọ̀rá dì í. Ọ̀rá kì í lé omi. Ńṣe ni ó ń gba omi pamọ́, tí bàbà inú yóò fi di aláwọ̀ ewé.

Bí a bá fẹ́ pín àwòrán sí yàrá méjì, a kì í lọ́ wáyà mẹ́ta pọ̀. Ẹ̀rọ ìpín wà fún un, kò sì ní í fún yàrá kọ̀ọ̀kan ju ìlàjì lọ. Ti éríà lásán rọrùn. Ti díìṣì le díẹ̀, nítorí pé fólítì 13 àti 18 tí dikódà ń rán sí LNB jẹ́ àṣẹ: ọ̀kan ń ní kí ó gba àwọn ìkànnì kan, èkejì ń ní kí ó gba àwọn mìíràn. Bí dikódà méjì bá ń pàṣẹ lórí wáyà kan, ọ̀kan yóò borí èkejì. LNB ẹlẹ́nu méjì, pẹ̀lú wáyà tirẹ̀ fún dikódà kọ̀ọ̀kan, ni ó tọ́.

BÍ A ṢE Ń DÁN AN WÒ

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìwọnná lè lo bátìrì àti gílóòbù tọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Kí a yọ wáyà náà kúrò lára dikódà àti lára LNB. Kí a so bátìrì àti gílóòbù tẹ̀lé ara wọn, kí a fi ìkángun kan kan wáyà inú, kí a sì fi ìkejì kan wáyà òde. Gílóòbù kò gbọ́dọ̀ tàn. Bí ó bá tàn, inú àti òde ti kan ara wọn níbì kan. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan lọ sí ẹnu wáyà lọ́hùn-ún, kí ó fi irin kékeré so inú pọ̀ mọ́ òde. Ní ìgbà yìí, gílóòbù gbọ́dọ̀ tàn, bí ó tilẹ̀ ṣe bàìbàì. Bí kò bá tàn, ọ̀kan nínú méjèèjì ti já. Irú àyẹ̀wò yìí ni ì bá tú àṣírí àṣìṣe mi ní ọjọ́ Sátidé yẹn kí èrò tó dé.

Éríà máa ń tanni jẹ ju díìṣì lọ. Kì í jẹ iná bí LNB, nítorí náà bí òde kò bá tilẹ̀ so, ó ṣeé ṣe kí àwòrán ibùdó tí ó súnmọ́ tòsí yọ, kí a sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ní ayé tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ìsopọ̀ burúkú máa ń mú kí òjìji yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán. Ní ti dikódà, ńṣe ni àwòrán ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí àpáàdì tàbí kí ó dúró gbagidi. Bí òjò bá sì gbé àwòrán díìṣì lọ, ẹ má tíì dá ìsopọ̀ lẹ́bi. Òjò ńlá lójú ọ̀run lè ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí àwòrán bá padà kété tí òjò dá, ọ̀run ni. Bí ó bá di ìgbà tí oòrùn ràn kí ó tó padà, omi ti wọ inú ìsopọ̀.

ÌKÁDÌÍ

Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, mo fóònù sí àbúrò mi. Mo ní, "Wáyà méjì ni, ọ̀kan wà nínú èkejì. So tinú mọ́ tinú, so tòde mọ́ tòde, má jẹ́ kí méjèèjì fojú kan ara wọn." Mo ka ìgbésẹ̀ mẹ́jọ̀ọ̀jọ fún un. Ó ní, "Bùọ̀dá mi, ṣé wáyà ni àwọ̀n yẹn? Èmi ti kó wọn dà sórí ààtàn." Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwòrán ti yọ. Ọwọ́ tí ó ṣe ti Sátidé náà ni ó ṣe ti ọjọ́ Ajé.

Mo ti sọ fún ìyá wa pé èmi ni mo jẹ gbèsè owó ọjọ́ yẹn. Àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá pẹ̀lú jẹ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní gbèsè. Bí a bá lọ sílé ní ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa jókòó ti oníṣẹ́ kan, ìbáà ṣe onítẹlifíṣọ̀n, mẹkáníìkì tàbí aránṣọ, kí a kọ orúkọ tí ó ń pe àwọn nǹkan iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, orúkọ wo ló ń mú kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ ṣìṣe. Níbẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.